StoryGraph: ẹ jọ̀wọ́, ojú ìwé lẹ fi ṣe àfojúsùn ọdún yìí

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún, àṣèyí ṣàmọ́dún. January la wà yìí, gbogbo èèyàn ló ti ń kọ iye ìwé tó fẹ́ kà lọ́dún sórí status, ẹnì kan kọ 30, ẹnì kan kọ 50, mo tiẹ̀ rí ẹnì kan tó kọ 100, mo ní kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́. Èmi náà ní tèmi, àmọ́ app tí mo fi ń tọ́jú ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, StoryGraph lorúkọ ẹ̀, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀sẹ̀ kan tẹ́nìkan ò ní bi mí nínú bọ́ọ̀sì pé kí lèyí tí mò ń tẹ̀ tí mo bá ti pa ìwé dé. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, ìyókù kàn wà ńbẹ̀ ni: ó gbà kéèyàn fi ojú ìwé ṣe àfojúsùn, kò fi dandan ní iye ìwé.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ọmọ wa kan nílùú Ọba ló ṣe é, Nadia Odunayo, onímọ̀ kọ̀ǹpútà. 2019 ló gbé e jáde, òun nìkan ló sì ń dá kọ kóòdù ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Kì í ṣe torí pé tiwa ni mo ṣe ń pọ́n ọn lé o (ó dáa, torí ẹ̀ náà ni díẹ̀, ta ló máa gbà mí gbọ́ tí mo bá ní rárá). Èyí tí gbogbo wa mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni Goodreads, ó ti wà láti 2007, Amazon wá rà á ní 2013, láti 2011 ni wọ́n sì ti ní Reading Challenge tiwọn, òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ̀ pé èèyàn lè gbé nọ́ńbà kalẹ̀ ní January kó máa lé e títí dé December.

Ní Goodreads, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa bi yín: ìwé mélòó? Ẹ kọ 40, ó parí. Bí oṣù ṣe ń lọ, á máa sọ fún yín pé ẹ ti ṣáájú tàbí pé ẹ ti fi ìwé báyìí báyìí rẹ́yìn. Kò burú, àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí nǹkan ò bá lé wọn, wọn ò ní sáré. Àmọ́ ìwé ò dọ́gba. Ìwé ewì olójú ìwé 48, ẹyọ kan ni, ìtàn olójú ìwé 620, ẹyọ kan náà ni, ẹ wá sọ fún mi, èwo lèèyàn máa mú ní November nígbà tí app ti ní ó rẹ́yìn? Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ kọ 52 lọ́dún tó kọjá, ìwé kan lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, ìwé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ló ń bi èèyàn kiri ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ ìtàn kan wà tó fọwọ́ ara ẹ̀ rà lọ́dọ̀ àwọn oníwèé àlòkù ní Yábàá, tó ń rọ́ fún gbogbo wa pé òun ò rírú ẹ̀ rí, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tó fi há ojú ìwé 90 ṣì wà níbẹ̀ títí ọdún fi parí, eruku ti bò ó. Ó pé 52 lóòótọ́. Ó ṣe screenshot ẹ̀, a bá a yọ̀. Ìwé tó wù ú kà jù lọ lọ́dún yẹn gan-an ni ò kà.

Ní StoryGraph, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: iye ìwé, iye ojú ìwé, tàbí wákàtí. Ti wákàtí yẹn wà fún àwọn tó ń gbọ́ ìwé létí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, òun ló mú. Èèyàn lè mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó sì lè mú ẹyọ kan. Ojú ìwé nìkan lèmi mú o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: ojú ìwé 10 lójúmọ́, fún ọjọ́ 365, 3,650 nìyẹn. Ká ní ìwé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojú ìwé 250, ẹ ti ka ìwé 14 nìyẹn, á tún ṣẹ́kù. Ojú ìwé 10 péré! Ẹni tó bá ń wọ BRT láti Ìkòròdú lọ TBS mọ ohun tí mò ń sọ, kí bọ́ọ̀sì tó kọjá Mile 12 lẹ ti ka 10 yẹn tán, go-slow ò tiẹ̀ ní jẹ́ kẹ́ ẹ lè purọ́ pé ẹ ò ráyè. Ẹni tó bá wá fẹ́ ṣe bí akọni, kó mú 20, 7,300 nìyẹn, ẹ lọ wo iye ìwé tó máa jẹ́.

Bó ṣe rí rèé: tí mo bá ti fẹ́ sọ̀, mo ṣí app, mo tẹ ìwé tí mò ń kà lọ́wọ́, mo kọ nọ́ńbà ojú ìwé tí mo dé, ká ní 146, ìlà tó wà níbẹ̀ á sún síwájú díẹ̀, àpapọ̀ ọdún náà á sì gòkè, kò ní kí n parí ìwé kó tó kà á fún mi. Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Ìwé tó nípọn ò jẹ́ gbèsè mọ́. Èèyàn lè fi oṣù méjì gbáko jókòó ti ìwé olójú 600, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ó rẹ́yìn, torí ojú ìwé tó kà lánàá ti wọlé lánàá. Tí ìwé kan bá sì dé àárín tí kò dùn, Did Not Finish wà ńbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ, ṣé àsè lẹ fi gbé e níyàwó ni.

Kì í sì ṣe pé nǹkan tuntun nìyí o. Àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́, Kùránì pín sí apá 30, apá kan lójúmọ́, Ramadan á parí, Kùránì á parí, wọ́n sì pín in kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìpín òòjọ́ ni, kò sí pé ẹnì kan ń ka èyí tó kúrú kó lè tètè pé. Ọ̀dọ̀ àwa Kristẹni ni wàhálà wà. Gbogbo January la máa ń bẹ̀rẹ̀ Bíbélì, a fẹ́ parí ẹ̀ lọ́dún kan, orí 1,189 ni, mẹ́ta lójúmọ́ ò ní tó, mẹ́rin á jẹ́ kẹ́ ẹ parí ní October. Genesisi dùn, Eksodu dùn títí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí wọn pákó àgọ́, tó bá wá di Lefitiku, ilé ti dákẹ́. Ìdí ni pé orí là ń kà, orí ò sì dọ́gba: Sáàmù 117, ẹsẹ 2, Sáàmù 119, ẹsẹ 176, orí kan kan la pe méjèèjì. Ẹni tó bọ́ sí 119 lọ́jọ́ tí ọ̀gá ń bínú níbi iṣẹ́, ṣé ìyẹn máa parí mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn? Tẹ́ ẹ bá fi ojú ìwé pín Bíbélì tẹ́ ẹ ní nílé, ẹ máa rí i pé ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ràn ni streak. Ó máa ń ka ọjọ́ tẹ́ ẹ ti kàwé léra wọn láìfo ọjọ́ kan, ẹ̀yin lẹ máa yan iye tó kéré jù tó máa kà. Ọmọ yín ṣàìsàn, tàbí iná lọ tí fóònù kú, tàbí ẹ kàn sùn lọ, ọjọ́ yẹn fo, òkìtì tẹ́ ẹ ti ń kó jọ wó, ìtìjú ló sì máa ń mú kéèyàn má padà sídìí ìwé fún odidi oṣù. Ti ojú ìwé ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ sùn lónìí, ẹ ka 20 lọ́la, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọpẹ́ ni pé streak kì í ṣe dandan, mo pa tèmi.

Tó bá wá di pé ìwé parí, ibí yìí ni mo ti máa ń ṣeré. Ní Goodreads, ìràwọ̀ 1 sí 5 ni, kò sí ìdajì, ìwé tó ju 3 lọ tí kò tó 4, ẹ wábi gbé e sí. StoryGraph gbà kẹ́ ẹ fún un ní ìdajì, kódà ìdá mẹ́rin, 3.75, 4.25, bó bá ṣe wù yín. Á tún bi yín bóyá ìwé náà bà yín nínú jẹ́ ni àbí ó pa yín lẹ́rìn-ín, bóyá ó yára àbí ó ń fà, bóyá nǹkan tó dẹ́rù bani wà nínú ẹ̀ tó yẹ kí ẹlòmíì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá dáhùn kankan nínú ẹ̀, kò ní bínú. Àwọn ìdáhùn yẹn ló fi ń ya àwòrán róbótó róbótó fún yín, èyí tó jẹ́ ìtàn àtèyí tí kì í ṣe ìtàn, èyí tí kò tó ojú ìwé 300, èyí tó wà láàárín, èyí tó lé ní 500. Tèmi fi hàn pé ìwé tó ń bani nínú jẹ́ ló pọ̀ jù, ìyàwó mi ní òun ti mọ̀ tipẹ́, pé kí n lọ wá nǹkan ẹ̀rín kà.

Ó tún ní ibi tẹ́ ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ti lè jọ ka ìwé kan náà, ọ̀rọ̀ tẹ́nìkan bá kọ sí ojú ìwé 200 máa tì pa títí ẹ̀yin náà á fi dé 200. Ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ tí kì í lè pa ẹnu mọ́ nípa òpin ìtàn, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ lò ó.

Ó kù síbì kan o. Kò sí èdè Yorùbá lójú app náà, kò dùn mọ́ mi, èmi tí mò ń fẹ́ kí ìyá mi náà lò ó. Èkejì ni ìwé Yorùbá wa. Àwọn app wọ̀nyí, ISBN ni wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé yẹn, bẹ́ẹ̀ ó tó nǹkan bí 1970 kí ISBN tó gbilẹ̀ láyé, ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀dà ẹ̀ àtijọ́ nílé, kò ní nọ́ńbà kankan tí fóònù máa yà. Ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé fúnra yín ni, orúkọ ìwé, òǹkọ̀wé, iye ojú ìwé. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹ dákun, ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa, torí tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ láìní àmì tí ẹlòmíì sì fi àmì sí tiẹ̀, ìwé kan náà lè di méjì. Kò gba àkókò. Tá a bá ń dúró de òyìnbó kí wọ́n wá bá wa tò ó, a máa pẹ́ níbẹ̀.

Owó ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ìpolówó kankan tó máa bọ́ sójú yín. Plus, ìyẹn ti olówó, wà, dọ́là 4.99 lóṣù tàbí 49.99 lọ́dún, ẹ ṣẹ́ ẹ sí náírà fúnra yín kẹ́ ẹ rọra mí. Mi ò san án. Gbogbo nǹkan tí mo sọ lókè yìí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n wà.

Mo ti lo ti bébà náà rí, kẹ́ ẹ má baà ní mò ń polówó. Ẹnì kan ń tà á lórí Instagram, mi ò ní dárúkọ, ìwé aláràbarà tí wọ́n kọ My Reading Year sí níwájú. Inú ẹ̀ jẹ́ àwòrán pẹpẹ ìwé, ìwé 52 tí kò ní àwọ̀, tẹ́ ẹ bá ka ọ̀kan ẹ kun ọ̀kan. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ bébà ẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé íńkì ń yọ lódì kejì, kí March tó dé, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń ká. Pé wọ́n ti tẹ 52 mọ́ ọn lára látilẹ̀ náà tún bí mi nínú, ta ló ní 52 lèmi fẹ́? Ẹni tí fóònù ẹ̀ ò lágbára tàbí tí dátà ń dùn, Higher Education notebook ló máa ṣe é jù, ẹ fa ìlà, ẹ kọ ọjọ́ síbì kan, ojú ìwé tẹ́ ẹ kà síkejì, ẹ ṣírò ẹ̀ pọ̀ lóṣooṣù. Ọ̀nà yìí náà ni, kò sí iná tó máa lọ ní ti bébà.

Nínú ìràwọ̀ 5, mo fún StoryGraph ní 4.25, àwọn náà kúkú ló gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ariwo, tó fẹ́ kí gbogbo èèyàn máa jiyàn lórí ìwé, kó dúró sí Goodreads, èrò pọ̀ níbẹ̀ jù, ẹni tó bá sì ń lo Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé Amazon, wọ́n ti so òun àti Goodreads pọ̀, ó máa rọrùn fún un. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ wá sí StoryGraph, ẹ ò ní tẹ ìwé yín lọ́kọ̀ọ̀kan o, ẹ gba fáìlì CSV yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé yín, ní Goodreads, orí kọ̀ǹpútà ló ti rọrùn jù, ẹ jù ú sí StoryGraph, á kó gbogbo ẹ̀ wọlé. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ kọ, ẹ lè padà yí i nígbàkúùgbà, kódà nínú oṣù kẹsàn-án, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ yín.