Típà tí kì í kún àkúnwọ́sílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé ní ìhà Adéníkẹ̀ẹ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, owó àwọn tó ń kó yanrìn fún mi yìí fi díẹ̀ lé sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ bi mí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, típà onítáyà mẹ́fà ni wọ́n fi kó o wá, yanrìn sì tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ etí ọkọ̀. Mo figbe ta: "Ìyókù ńkọ́?" Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ọ̀gá wa ò gbà ká kó o kọjá etí. Bí òjò bá pa yanrìn, ńṣe la tún máa ń dín in kù, torí omi inú rẹ̀ wúwo." Mo ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Bíríkìlà mi gun ọkọ̀ lọ, ó fi téèpù wọn ọ́n. Ohun tí wọ́n kọ sínú rìsíìtì ló bá, kò dín, kò lé.

Àwọn tí mo lò léṣìí ló jẹ́ kí n mọyì wọn. Onítáyà mẹ́wàá ni tiwọn, òkúta ga lórí rẹ̀ bí ebè iṣu, nínú òjò oṣù kẹsàn-án. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti fọ́ kọ́fátì ìyá tó múlé tì mí. Ipa táyà wọn jìn dé orúnkún. Òjò tún rọ̀, àgbàrá gba inú ipa náà, ó ń wọ́ ilẹ̀ títì wa lọ sínú gọ́tà, gọ́tà dí, omi wọ ilé ìdáná ìyá náà. Ìkúnlẹ̀ ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Ibi tí wọ́n ti ṣẹ́rí padà le gbagidi títí dòní, omi ò ráyè wọlẹ̀, ewédú tí mo gbìn síbẹ̀ kò ga ju ìka lọ.

Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ ẹnjiníà ní LAUTECH sọ fún mi pé títì ọlọ́dà pàápàá kì í gba ẹrù àpọ̀jù. Ó ní láti 1958 dé 1960 ni wọ́n fi wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ wá bọ̀ lórí ọ̀nà àdánwò ní Illinois, ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni pé bí ẹrù orí irin tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ ọ̀nà á tó ìlọ́po 16. Ìdá kan nínú márùn-ún péré tí wọ́n bá fi lé e, ìbàjẹ́ ti di ìlọ́po méjì nìyẹn. Mo ní kó tún un sọ.

Síbẹ̀, mo ní ẹ̀sùn. Ohun tí àwọn tẹ́lẹ̀ ń kó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn yìí wá kó o, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jó dísẹ́ẹ̀lì, èéfín rẹ̀ sì ń bẹ nímú mi. Dírẹ́bà kan tún fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kó máa kùn, ó lọ ra àkàrà! Wọn ò sì bo yanrìn. Gbogbo aṣọ tí mo sá ló pọ́n.

Òkúta ni mo fẹ́ rà lọ́wọ́ wọn báyìí. Mo ti ní kí wọ́n mú nǹkan ìbòrí wá. Ìyá onílé kejì, tó ṣì ń gba orí pákó wọlé, ti ní kí n bá òun béèrè iye ìdajì ọkọ̀.