Kíláàsì KG tí mo fi ọmọ mi sí n'Ìkòròdú: ohun tójú mi rí láàárín táàmù méjì

Ẹ kú déédé ìwòyí o. Àwọn ìyá tá a jọ ń tajà ní Sábó ò jẹ́ n gbádùn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé skúùlù wo ni Àbẹ̀kẹ́ ń lọ báyìí, torí náà ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò ní dárúkọ skúùlù o, torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Apá Ìgbógbó ló wà, ìyẹn tó.

Ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n á ní kó kọ 1 dé 100 wá láti ilé, èmi ni mo máa ń di ọwọ́ ẹ̀ mú kọ ọ́, omijé á máa kán sórí ìwé. Ká má parọ́ sha, inú mi ń dùn nígbà yẹn, torí tí àlejò bá ti wọlé báyìí, Àbẹ̀kẹ́ á ka wán tú họ́ńdírẹ́ẹ̀dì geere bíi rédíò, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Ẹyin ni mo ń tà. Lọ́jọ́ kan mo ní kó bá mi mú ẹyin méje wá nínú kíréètì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lórí ẹyin kẹta ẹnu ẹ̀ ti dé eight, ló bá kó mẹ́rin fún mi, ó ní ó ti pé. Mo ní mélòó lo kó wá? Ó tún dá orin náà látìbẹ̀rẹ̀. Àṣé orin lọmọ ń kọ látọjọ́ yìí, tèmi tirẹ̀ la jọ ń jó o.

Nígbà tá a dé ibi tuntun yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ìwé nóòtì ò kúrò ní funfun. Mo ti múra ìjà. Ẹgbẹ̀rún 48 náírà ni mo san fún táàmù kan, láìka yunifọ́ọ̀mù, kí wọ́n máa wá fi ìdérí mínírà ṣeré? Mo bá lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì láàárọ̀ Tuesday kan.

Ohun tí mo rí nìyí. Àńtí wọn kó ìdérí mínírà sínú abọ́ ike, ọmọ kan á fi ìka kan ọ̀kan, á pe nọ́ńbà kan, á sún un sápá kejì kó tó fọwọ́ kan òmíì, kò sí sáré. Tó bá kà á tán, Àńtí á ní "mélòó ni gbogbo ẹ̀?" Ọmọ tó bá tún bẹ̀rẹ̀ látorí one, kò tíì yé e nìyẹn, ó yẹ kó kàn sọ pé méje ni. Àńtí wá tú ìdérí méje yẹn ká sílẹ̀, ó bi wọ́n bóyá ó ti pọ̀ sí i. Ẹ ò rí i, àwọn bíi mélòó kan ní ó ti pọ̀ sí i! Àbẹ̀kẹ́ tèmi wà nínú wọn.

Wọ́n tún gbé ọpọ́n ayò jáde, ayò gidi o, ihò 12, ọmọ ayò 48. Wọn ò ta á, wọ́n kàn ń pín in ni, mẹ́rin sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Tí ihò kan bá ní mẹ́ta, ariwo á sọ! Ojú lásán ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, wọn ò kà á. Ọjọ́ yẹn ni mo padà sílé láìjà.

Ti ìwé kíkà náà dáa. Wọn ò to lẹ́tà láti A dé Z, s, a, t, i, p, n ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìró ẹ̀ ni wọ́n ń pè kì í ṣe orúkọ ẹ̀, torí pẹ̀lú mẹ́fà yẹn nìkan ọmọ ti lè to tap, pin, sit. Inú yanrìn ni wọ́n ti ń fi ìka kọ ọ́ kó tó kan pẹ́ńsù. Àbẹ̀kẹ́ ṣì ń gbé b sípò d, mi ò dà á láàmú.

Ẹjọ́ mi wá dà? Yorùbá ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ Friday tí gbogbo wọn ti ń tòògbé. Ọmọ mi rí "pápá" nínú ìwé ABD, p òyìnbó ló fi kà á! P tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, lẹ́tà kan náà ni, ìró ọ̀tọ̀, ẹnì kan ò sì sọ fún un. Mo lọ bá madam, wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ fúnra wọn ti fagi lé fífi èdè abínibí kọ́mọ ní 2025, kí lèmi fẹ́ káwọn ṣe. Mo ní ṣé ìjọba ló ní kẹ́ ẹ kọ "No Vernacular" sẹ́nu géètì ni? Bàbá Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ẹ̀kọ́ yẹn, ṣe é n'Ífẹ̀ láti 1970, ọdún mẹ́fà àlákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, àwọn ọmọ yẹn ò sì gbàgbé òyìnbó. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín ni.

Aago kan ààbọ̀ ni wọ́n ń ṣíwọ́ o, kẹ́yin ọlọ́jà fi í sọ́kàn. Tí òjò bá rọ̀, ọ̀nà yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ilé ìyàgbẹ́ mọ́. Mo ti san ti táàmù kẹta.

Ti Yorùbá yẹn, màmá mi ló gbà á ṣe. Kíréètì ẹyin, 30 ló ń gbà, márùn-ún lọ́nà mẹ́fà. Màmá yọ ìlà kan kúrò, wọ́n ní "wò ó, ọgbọ̀n ni tẹ́lẹ̀, márùn-ún ti dín, márùndínlọ́gbọ̀n." Wọ́n dá ọ̀kan padà: mẹ́rindínlọ́gbọ̀n. Ihò tó ṣófo nìkan lọmọ ń wò. Èmi alára, látọjọ́ tí mo ti ń pe mẹ́rindínlọ́gbọ̀n, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Sátidé tó kọjá, oníbàárà kan ní kí n gbé odindi kíréètì kan fún òun, mo ti ń so ó, mo sì ti gbàgbé pé mo ti mú díẹ̀ tà nínú ẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ kàn yọjú wò ó, ó ní, "Mọ́mì, kò pé o, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni."

Obìnrin yẹn wo ọmọ, ó wò mí, ó na ọwọ́: "Ìyá ẹlẹ́yin, ẹ kó mẹ́ta mi wá."