AP, IB, dual enrollment àti CLEP: èwo ló yẹ kí òbí náwó lé lórí?

Níbi ìpàdé àwọn òbí wa kan ní Houston, ìyá kan dìde. Ó ní ọmọbìnrin òun wà ní kíláàsì kẹwàá, ilé-ìwé sì ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sílé pé kí àwọn yan èyí tí ọmọ máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, AP (Advanced Placement) ni àbí dual credit, tí ibòmíràn ń pè ní dual enrollment. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gba fọ́ọ̀mù náà padà. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn." Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í yin èyí tí ọmọ tirẹ̀ ṣe. Nígbà tí a fi máa túká, ọ̀rọ̀ náà ti dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ mi méjì ló ti gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì sanwó àṣìṣe tí ẹ̀yin kò gbọ́dọ̀ san, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹni tó kàwé ní Nàìjíríà yóò tètè mọ ohun tí wọ́n ń tà fún wa. Bí ẹni tó ní A-Level ṣe ń gba Direct Entry wọ 200 level, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kọ́ọ̀sì wọ̀nyí ṣe ń jẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé girama ní Amẹ́ríkà dé yunifásítì pẹ̀lú kírẹ́dìtì lọ́wọ́, ìyẹn ẹ̀rí pé ó ti ka apá kan nínú ohun tí dìgírì ń béèrè. Ṣùgbọ́n níbí, kò sí JAMB tó ń ṣètò rẹ̀ fún gbogbo wọn. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ohun tí òun máa gbà àti iye tí òun máa kà á sí. Kírẹ́dìtì tí ibi tí ọmọ yín ń lọ kò bá gbà, ìwé lásán ni. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè èyí tó dára jù, ẹ bi ọmọ náà pé: níbo lo fẹ́ lọ, kí lo sì fẹ́ kọ́?

AP

Òun ló wọ́pọ̀ jù. College Board, àwọn tó ń ṣe SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ló ń bójú tó o láti ọdún 1955. Kọ́ọ̀sì bí 40 ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ yóò kà á ní kíláàsì ilé-ìwé rẹ̀, yóò sì jókòó fún ìdánwò ní oṣù Karùn-ún. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 5. Ní ọdún 2025, 99 dọ́là ni owó ìdánwò kan. Ẹbí tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan máa ń rí ẹ̀dínwó, àwọn agbègbè ilé-ìwé kan sì ń san gbogbo rẹ̀ fún ọmọ. Oṣù Kọkànlá ni orúkọ sábà máa ń wọlé. Ẹni tó bá pẹ́ yóò fi 40 dọ́là lé e.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára AP ni pé kò ba ọmọ jẹ́. Bí ìdánwò náà kò bá lọ déédéé, kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí yóò kọ ọ́ sínú transcript rẹ̀, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ máàkì, ọmọ náà ló sì ń pinnu bóyá òun máa fi máàkì ránṣẹ́ tàbí òun ò ní fi ránṣẹ́. Ohun tí kò dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọdún kan gbáko wà lórí wákàtí bíi mẹ́ta péré. Ọmọ tó ń gba A láti oṣù Kẹjọ lè jí lọ́jọ́ ìdánwò pẹ̀lú ibà, kó sì gba 2.

Máàkì wo ló tó? Ní Texas, òfin kan láti ọdún 2015 ní kí àwọn yunifásítì ìjọba fún ọmọ tó gba 3 ní kírẹ́dìtì, àyàfi tí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé kọ́ọ̀sì náà ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn yunifásítì aládàáni tó le láti wọ̀ sábà máa ń béèrè 4 tàbí 5. Àwọn kan kò tilẹ̀ fún ọmọ ní kírẹ́dìtì rárá: Caltech kì í fún wọn, Dartmouth sì ti dá a dúró láti orí àwọn tó jáde ní ọdún 2018. Èyí kò wá ní kí ẹ pa AP tì bí irú ibẹ̀ lọmọ ń lọ o. Àwọn tó ń gbani wọlé ń wò ó bóyá ọmọ gbé iṣẹ́ tó le tí ilé-ìwé rẹ̀ ní. Gbígbà wọlé yàtọ̀ sí kírẹ́dìtì, àwa òbí sì máa ń da méjèèjì pọ̀.

IB

Genefa ni wọ́n ti dá IB, ìyẹn International Baccalaureate, sílẹ̀, ní ọdún 1968. AP máa ń jẹ́ kí ọmọ mú kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo bó bá wù ú, ṣùgbọ́n Diploma ti IB, odindi ẹrù ni: ọdún méjì, kọ́ọ̀sì mẹ́fà, tí mẹ́ta nínú wọn, ó kéré tán, jẹ́ ìpele gíga tí wọ́n ń pè ní HL, tí ìyókù sì jẹ́ SL, ìyẹn ìpele tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àròkọ ìwádìí kan tó lè gùn tó 4,000 ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ nípa bí ènìyàn ṣe ń mọ ohun tó mọ̀, àti iṣẹ́ ìlú tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe. Máàkì tó ga jù fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni 7, àròkọ àti ẹ̀kọ́ ìmọ̀ yẹn lè fi 3 kún un, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 45, kò sì sí ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tó 24 tí yóò gba Diploma.

Ọmọ tó ti inú IB jáde mọ ìwé kọ. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn lójú mi. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń pa òbí lára ni pé ọ̀pọ̀ yunifásítì kò fún kọ́ọ̀sì SL ní kírẹ́dìtì kankan, HL nìkan ni wọ́n ń kà, láti 5 lọ sókè níbi púpọ̀. Texas yọ̀ǹda díẹ̀: yunifásítì ìjọba gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ní Diploma ní kírẹ́dìtì 24, ó kéré tán, bí kò bá ní máàkì tó wà lábẹ́ 4. Ẹ kíyè sí i, Diploma ni òfin náà sọ. Ọmọ tó bá fi í sílẹ̀ lágbedeméjì ti ṣe wàhálà púpọ̀ fún èrè kékeré.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀: IB ní àyè fún ọmọ láti ka lítíréṣọ̀ ní èdè abínibí rẹ̀ ní ìpele SL bí ilé-ìwé bá fọwọ́ sí i, kódà bí kò bá sí olùkọ́ èdè náà níbẹ̀. AP kò ní ìdánwò Yorùbá kankan. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ka ìwé Yorùbá dójú àmì, kó tètè lọ bi ilé-ìwé, kó má dúró di ìgbà tí fọ́ọ̀mù bá dé.

Dual enrollment, tí Texas ń pè ní dual credit

Èyí ni àkọ́bí mi ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Ọmọ ń ka kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì gan-an, láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò lọ́pọ̀ ìgbà, kọ́ọ̀sì kan náà sì ń wọ ìwé girama rẹ̀ àti transcript kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Minnesota ti ń ṣe é láti ọdún 1985. Ní Florida, ọmọ ilé-ìwé ìjọba kì í san owó ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀. Georgia ń san án dé kírẹ́dìtì 30. Ní Texas, ètò kan tí wọ́n ń pè ní FAST, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023, ń mú kó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí ẹbí rẹ̀ kò rí jájẹ, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà bá ti wà nínú rẹ̀. Kò sí ìdánwò ọjọ́ kan ṣoṣo tó ń dẹ́rù bani. Iṣẹ́ sáà náà lápapọ̀ ló ń di máàkì.

Nígbà tí a gbọ́ ọ̀fẹ́, ẹsẹ̀ wa kò kan ilẹ̀. Ọmọkùnrin mi kó kírẹ́dìtì 30 jọ kó tó jáde. Yunifásítì aládàáni kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn gbà á wọlé, inú wa dùn, a fi transcript ránṣẹ́. Wọ́n gba 9 nínú 30. Àlàyé wọn ni pé kọ́ọ̀sì tí ilé-ìwé girama bá ti kà mọ́ ìwé ẹ̀rí rẹ̀, àwọn kò tún kà á. A kò béèrè tẹ́lẹ̀. Ká ní yunifásítì ìjọba Texas ló lọ ni, ọ̀rọ̀ kò ní rí bẹ́ẹ̀, torí ọmọ tó bá parí gbogbo kírẹ́dìtì 42 ti àwọn kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní core, yunifásítì ìjọba mìíràn nínú ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbà á lódindi.

Èyí tó tún dùn mí jù ni ti C kan. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó ka Kẹ́mísírì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù àti iṣẹ́ Sátidé. Ó gba C. Ó wá fẹ́ di dókítà. AMCAS tó ń gba fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ìṣègùn ń béèrè transcript gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ènìyàn ti ka kọ́ọ̀sì rí, títí kan èyí tó kà nígbà tó wà ní girama. C yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń fẹ́ dókítà nínú ilé. Bí ìyẹn bá wà lọ́kàn yín, ẹ má fi Kẹ́mísírì àti Báyọ́lọ́jì ṣe dual enrollment fún ọmọ tí kò tíì dúró dáadáa nínú wọn. Ìtàn Amẹ́ríkà, ìjọba, Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀nyẹn ni kó ṣe. Kọ́ọ̀sì tó bá kùnà nínú rẹ̀ tàbí tó fi sílẹ̀ lágbedeméjì sì lè kan owó ìrànwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

CLEP

Ọ̀pọ̀ òbí kò gbọ́ orúkọ CLEP, ìyẹn College-Level Examination Program, rí, torí olùdámọ̀ràn ilé-ìwé kì í sábà dárúkọ rẹ̀. College Board náà ló ni ín. Ìdánwò 34 ni, kò sí kíláàsì tí ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó sí, ìgbà tó bá ti múra ló ń ṣe é. Máàkì rẹ̀ ń lọ láti 20 dé 80, 50 ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń béèrè. Ní ọdún 2025, owó ìdánwò kan kò tó 100 dọ́là, ẹ ó fi díẹ̀ lé e fún ibi tí ó ti máa ṣe é. Àjọ kan tó ń jẹ́ Modern States ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ tó bá sì parí rẹ̀ lè gba ìwé tí yóò fi ṣe ìdánwò náà lọ́fẹ̀ẹ́. Yunifásítì ìjọba púpọ̀ ń gbà á. Àwọn olókìkí ńlá kò sábà gbà á. Bí ọmọ bá kùnà, yóò dúró oṣù mẹ́ta kó tó tún un ṣe, kò sì sí ohun tó wọ transcript.

Tí a bá gbé wọn síra

Ọmọ tó ti pinnu pé yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀ lòun ń lọ: dual enrollment nínú àwọn kọ́ọ̀sì core, kí ẹ fi CLEP kún un nígbà ìsinmi. Kò sí èyí tó dín owó kù tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ ibi tó ń lọ, tàbí tó ń wo ìpínlẹ̀ mìíràn: AP, torí òun ni ibi púpọ̀ jù mọ̀. Ọmọ tó fẹ́ràn kíkà àti kíkọ, tó sì lè fara da ọdún méjì láìsinmi: IB, ṣùgbọ́n Diploma lódindi.

Ẹ má sì jẹ́ kí iye kírẹ́dìtì tàn yín. Kírẹ́dìtì 120 ni dìgírì sábà máa ń gbà, nítorí náà 30 yẹ kó jẹ́ ọdún kan. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹnjiníà tàbí nọ́ọ̀sì ní àwọn kọ́ọ̀sì tó so mọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, èyí tó ṣáájú ni ọmọ gbọ́dọ̀ kà kó tó ka èyí tó tẹ̀ lé e. Kírẹ́dìtì tó bá wọlé lásán, tí kò sí nínú ètò dìgírì náà, kò gé ọjọ́ kan kúrò. Ẹ wá ètò dìgírì náà lórí ìkànnì yunifásítì, kí ẹ fi kọ́ọ̀sì tí ọmọ fẹ́ ṣe wé e, kí ẹ fi ímeèlì béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń rí sí i, kí ẹ sì tọ́jú èsì tí wọ́n bá fọ̀.

Ọmọ mi kejì, tó jẹ́ obìnrin, ṣe AP márùn-ún àti CLEP méjì. Kí ó tó ṣe èyíkéyìí, a ti kọ ímeèlì sí yunifásítì mẹ́ta. Gbogbo kírẹ́dìtì rẹ̀ ni wọ́n gbà. Mo ti fi àwòkọ ímeèlì yẹn ránṣẹ́ sí ìyá tó dìde níbi ìpàdé. Ó ní olùdámọ̀ràn ti fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, òun sì ń dúró de èsì láti yunifásítì kejì.