Ruger American Rimfire: ìbọn tí mo fi ń kọ́ àwọn ará ilé mi

Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìbọn ní Texas níbí tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ .22 (ìbọn tó ń lo ọta kékeré) tẹ́ ẹ máa fi kọ́ ẹni tí kò di ìbọn mú rí, Ruger 10/22 ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún yín. Ó ti wà láti 1964, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, ìbọn dáadáa ni, mi ò bá a jà. Àmọ́ fún ìkọ́ni, àbúrò ẹ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2013, American Rimfire, ni kẹ́ ẹ bèèrè. Wọ́n ń tà á lábẹ́ 400 dọ́là láwọn ibi tí mo ti rí i.

Ìdí ni pé 10/22 máa ń kó ọta tó kàn wọlé fúnra ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á yìn ín, á rí i pé òun bá pépà, inú ẹ̀ á dùn, á wá yíjú sí yín tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹnu ìbọn náà á bá a yíjú, ọta kejì sì ti wà ńbẹ̀ tó ń dúró. Ẹ̀mí mi ò gba ìyẹn. American Rimfire, bóòtù (irin tó ń ti ọta wọlé) lẹ máa fọwọ́ gbé sókè, ẹ fà á sẹ́yìn, ẹ tì í padà, kí ọta míì tó wọlé, torí náà tó bá ti yìn ín tán, kò sí nǹkan kan tó lè jáde mọ́ àfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tún un ṣe. Olùkọ́ á ráyè mí, akẹ́kọ̀ọ́ náà á máa fara balẹ̀ fojú sun nǹkan tó ń ta dípò kó kàn máa tú ọta dànù.

Séfútì ẹ̀ (ohun tẹ́ ẹ fi ń ti ìbọn kó má bàa yìn) wà lẹ́yìn, níbi tí àtàǹpàkò máa ń sinmi lé, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù nínú ìbọn yìí nìyí: tẹ́ ẹ bá tì í, bóòtù ṣì ń ṣí, ẹ lè yọ ọta kúrò nínú ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di èyí tó lè yìn.

Apá ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé náà ṣeé pààrọ̀, èyí tó rẹlẹ̀ wà fún ẹni tó ń lo ojú ìbọn lásán (ohun tó wà lórí ìbọn tí wọ́n fi ń wo ibi tí wọ́n ń ta), èyí tó ga wà fún ẹni tó gbé sìkóòpù (awò tó ń fa nǹkan súnmọ́ni) lé e, èyí tó kúrú sì wà fún ẹni tí apá ẹ̀ ò gùn, ìyàwó mi àtèmi ń lo ẹyọ kan ṣoṣo. Bí tríígà ẹ̀ (ibi tẹ́ ẹ máa ń fìka fà) ṣe le tó náà ṣeé yí, láti nǹkan bíi ìwúwo pọ́n-ùn 3 sí 5.

Ọta .22 LR tí ìbọn yìí ń lò ò wọ́n rárá, kì í sì í gbá èèyàn léjìká. Ìyẹn ṣe pàtàkì fáwọn bàbá wa tó ti yin ṣakabùlà rí nílé, torí ara wọn ti mọ bó ṣe ń gbáni, wọ́n á ti dijú, wọ́n á ti sún èjìká sẹ́yìn kí wọ́n tó fa tríígà. Ẹ fún wọn ní .22 yìí ná, ojú á là. Àmọ́ ẹ má fojú kéré ẹ̀ o, ọta ẹ̀ lè rìn ju máìlì kan lọ, ẹ fi nǹkan bo etí, ẹ wọ dígí ojú, kẹ́ ẹ fọwọ́ dáadáa lẹ́yìn ẹ̀ torí òjé tó wà lára ọta. (Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi gèlè sílé jàre, ìbotí ò ní jókòó dáadáa.) Etí ìdí ọta ni ohun tó ń ṣáná wà, kì í dé ibi gbogbo dọ́gba nígbà míì, torí náà tẹ́ ẹ bá fà á tí kò dún, ẹ má tètè ṣí i, ẹ jẹ́ kó kọjú síbi tẹ́ ẹ ń ta sí fún ìṣẹ́jú àáyá 30.

Àléébù ẹ̀ ńkọ́? Ara ẹ̀ pílásítíìkì ni, ẹ dì í mú ẹ máa rántí àga òde ìnáwó. Ojú ìbọn iwájú ẹ̀ tó ń tàn tóbi, tẹ́ ẹ bá ti gbé pépà jìnnà díẹ̀, òun gan-an ló ń bo nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ ta. Mágásíìnì ẹ̀ (àpò tí ọta ń wà), ti 10/22 náà ni, ọta 10 ló ń gbà, ó wọlé tán pátá, kò yọ síta, débi pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń jà kí wọ́n tó rí i yọ.

Òfin wá ńkọ́. Ẹni tó bá wá pẹ̀lú físà àbẹ̀wò tàbí ti ọmọ ilé ìwé, òfin ìjọba àpapọ̀ ò jẹ́ kó di ìbọn mú, rénjì (ibi tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò) pàápàá wà nínú ẹ̀, àfi àwọn ìyọ̀ǹda díẹ̀ bíi láísẹ́ǹsì ọdẹ. Oní-green card lè rà á. Ẹ máa kọ Form 4473, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìjọba fún ríra ìbọn, wọ́n á yẹ orúkọ yín wò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi orúkọ yín ra tòun, ẹ̀wọ̀n ni.

Oríṣi méjì ló wà, èyí tí irin tí ọta ń gbà jáde jẹ́ íǹṣì 22 àtèyí tó jẹ́ 18. Ẹ mú 18 tó bá jẹ́ pé àwọn tí ara wọn kéré ló pọ̀ nílé yín, kẹ́ ẹ fi owó tó kù ra sìkóòpù kékeré kan, torí ojú iwájú yẹn.