Áàpù Bíbélì YouVersion fún ẹni tó fẹ́ máa ṣe ohun tó kà

Áàpù Bíbélì tó wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ Kristẹni, èyí tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ ìwé tí wọ́n kọ Holy Bible sí lára, ìjọ kan ló ṣe é: Life.Church, ní ìlú Edmond, ìpínlẹ̀ Oklahoma, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Oṣù Keje ọdún 2008 ló jáde, nígbà tí Apple ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé ìtajà áàpù tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 2021, wọ́n ti gbà á sórí fóònù ju ìgbà mílíọ̀nù 500 lọ. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó ọjà nínú rẹ̀, kò sì sí yàrá kankan tí wọ́n tì pa títí ẹ ó fi sanwó. Ní ti owó, kò sẹ́ni tó lè fẹ̀sùn kàn án.

Ìbéèrè tiwa yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ máa gbọ́ràn sí Ọlọ́run lẹ́nu, tó sì fẹ́ gbára lé e látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé áàpù yìí á ràn án lọ́wọ́, àbí yóò kàn sọ ọ́ di ẹni tó ń ka iye ọjọ́ tó ti ṣí Bíbélì? Á ràn án lọ́wọ́ dáadáa, tó bá kọ́kọ́ pa nǹkan méjì mẹ́ta tí wọ́n ti tàn sílẹ̀ dè é.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀dà Bíbélì tí ẹ fẹ́ máa kà. Lókè ojú ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ orí tí ẹ ṣí, ẹ ó rí lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan èdè, kí ẹ wá Yoruba. Mẹ́ta ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. YBCV ni Bíbélì àtijọ́ tí àwọn àgbà mọ̀ sórí, èyí tí iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí, tí odindi rẹ̀ jáde lọ́dún 1884. Àkọtọ́ àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀: "LI atetekọṣe Ọlọrun dá ọrun on aiye." YCE jẹ́ ti Ẹgbẹ́ Bíbélì ilẹ̀ Nàìjíríà, YCB sì jẹ́ ti Biblica, ẹgbẹ́ kan tó ń túmọ̀ Bíbélì, àwọn méjèèjì ló fi èdè tí a ń sọ lónìí kọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí Ọlọ́run ní kó ṣe lówùúrọ̀ yìí, YCE tàbí YCB ni kó kọ́kọ́ kà, kí ọ̀rọ̀ má baà ṣú u lójú. YBCV dára fún ẹsẹ tí ẹ fẹ́ kọ́ sórí, torí òun náà ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ìjọ. Tí ẹsẹ kan bá ta kókó, ẹ tẹ ẹsẹ náà kí ẹ yan Compare. Ẹ̀dà mìíràn á jáde sábẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ kan tún wà nípa àkọtọ́: ẹ má ṣe tẹ "ènìyàn" sínú àpótí ìwádìí kí ẹ máa retí pé YBCV á gbé e jáde, "enia" ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Tí ẹ bá ti yan ẹ̀dà, ẹ gbà á wọlé sínú fóònù kí ẹ lè máa kà á láìsí dátà. Àwọn tó ni ẹ̀dà kan lè má fàyè gba èyí, nítorí náà ẹ dán an wò. Ẹ pa dátà, kí ẹ ṣí ìwé tí ẹ kì í sábà ṣí, Sefanáyà fún àpẹẹrẹ. Tó bá ṣí wẹ́rẹ́, ó ti wà nínú fóònù yín. Tó bá ń yí gbirigbiri, kò tíì wọlé. Bí ẹ bá ti rí i pé ó wọlé, ẹ máa pa dátà ní gbogbo àkókò tí ẹ bá fi ń ka Bíbélì. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní tíì débi ẹsẹ kẹrin tí WhatsApp á fi ké, tí àdúrà àárọ̀ á sì di kíka àlàyé owó àjọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ áàpù náà jù ni ibi tó ti lè ba ti ẹni tó ń lò ó jẹ́. Ó ń ka iye ọjọ́ tí ẹ ṣí i tẹ̀léra, bí ẹ bá sì fo ọjọ́ kan, òǹkà náà á já. Ṣíṣí lásán ló ń kà. Ẹnì kan lè ṣí i ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú àádọ́ta lóru, kó tì í padà lójú kan náà, nọ́ńbà á gòkè sí i. Ẹni tó ti kà tó igba ọjọ́ lè máà bá àbúrò rẹ̀ tó ń bínú sí sọ̀rọ̀ títí di òní, nígbà tí Mátíù 5:23-24 ti sọ pé kó fi ọrẹ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kó kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ̀ làjà. Ẹ má fi nọ́ńbà yìí díwọ̀n ìrìn yín pẹ̀lú Ọlọ́run. Tó bá já, ẹ jẹ́ kó já.

Ẹsẹ ojoojúmọ́ tí áàpù ń fi ránṣẹ́ náà ní ewu tirẹ̀. Ẹsẹ kan ṣoṣo ló máa ń gbé wá, ẹsẹ ìlérí ló sì sábà máa ń dùn mọ́ni jù. Ẹ wo Jeremáyà 29:11, èyí tí gbogbo wa ń fi ránṣẹ́ síra wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: Ọlọ́run mọ èrò tó ń rò sí wa, èrò àlàáfíà. Ẹ tẹ ẹsẹ náà kí odindi orí ṣí. Ẹ ó rí i pé lẹ́tà ni, tí wòlíì kọ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì. Ní ẹsẹ kẹwàá, àádọ́rin ọdún ni Olúwa ní wọn ó lò níbẹ̀. Láti ẹsẹ karùn-ún dé ìkeje, àṣẹ ló pa fún wọn: ẹ kọ́ ilé, ẹ gbin ọgbà, ẹ gbé ìyàwó, ẹ máa wá àlàáfíà ìlú tí mo mú yín lọ, ẹ máa gbàdúrà fún un. Àwọn tó gbọ́ ìlérí náà ní ilé láti kọ́ àti ọgbà láti ro, nílẹ̀ àjèjì, fún ọdún gbọọrọ. Ẹsẹ kọkànlá nìkan kò lè sọ èyí fún yín. Fílípì 4:13 náà ńkọ́? Ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ebi àti àìní.

Nítorí náà, ẹ wọ inú ètò áàpù, kí ẹ pa gbogbo ìfitónilétí tó ń wá. Ẹ̀yọ kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sílẹ̀, èyí tó máa dún lákòókò tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún kíkà. Fídíò kékeré tó ń fara hàn lójúmọ́ kò burú, àmọ́ dátà ló ń jẹ.

Ètò ìwé kíkà, ibi tí wọ́n pè ní Plans, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú lóṣù Kejì ọdún. Wọ́n á mú ètò tó ní kí wọ́n ka odindi Bíbélì láàárín ọdún kan. Orí 1,189 ló wà nínú Bíbélì. Tí ẹ bá pín in sí ọjọ́ 365, ó lé ní orí mẹ́ta lójúmọ́. Ẹni tó bá dé inú Léfítíkù, tí ọmọ ń ké, tí mọ́tò ọ́fíìsì ń dún fèrè níta, eré ló máa sá kọjá. Kíkà lásán lè tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí àyè láti dúró béèrè pé kí ni mo máa ṣe sí èyí. Ohun tí a fẹ́ràn jù ni Májẹ̀mú Tuntun, tó ní orí 260. Orí kan lójúmọ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, á parí ní ọ̀sẹ̀ 52 gẹ́lẹ́. Ẹ fi Sátidé àti Sọ́ńdè sílẹ̀ fún ohun tí ẹ kà ṣùgbọ́n tí ẹ ò tíì ṣe. Ẹni tó jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé Jákọ́bù: orí márùn-ún, ẹsẹ 108, ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ìwé tó ń pàṣẹ láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ tó o.

Ẹ mọ̀ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àlàyé inú ọ̀pọ̀ jù lọ lára ètò wọ̀nyí. Àwọn ẹsẹ Bíbélì inú rẹ̀ ló máa ń ṣí ní ẹ̀dà Yorùbá tí ẹ bá yàn. Tí ẹ bá sì fo ọjọ́ díẹ̀, ẹ má ṣe kà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń san gbèsè. Inú ètò náà ni Catch Me Up wà, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò sún àwọn ọjọ́ síwájú fún yín.

Ibi tó wúlò jù nínú áàpù yìí ni àwọ̀ àti àkọsílẹ̀. Tí ẹ bá tẹ ẹsẹ kan, àwọn àwọ̀ á yọ nísàlẹ̀, pẹ̀lú ibi tí wọ́n kọ Note sí. Àwọ̀ mẹ́ta tó: ọ̀kan fún àṣẹ, ọ̀kan fún ìlérí, ọ̀kan fún ohun tí ẹ fẹ́ fi gbàdúrà. Tí àwọ̀ bá ti di méje, ojú ìwé á di òṣùmàrè, kò sì ní sọ nǹkan kan fún yín mọ́. Ẹsẹ àṣẹ nìkan ni kí ẹ kọ Note sí, kó má sì ju ìlà mẹ́ta lọ: ohun tí ẹsẹ náà ní kí n ṣe, ta ni mo máa ṣe é fún àti ọjọ́ wo, àti ohun tí agbára mi kò ká níbẹ̀ tí mo ní láti tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ wo Jákọ́bù 5:4, tó ń bá àwọn tí kò san owó ọ̀yà alágbàṣe wí. Ẹnì kan lè kọ síbẹ̀ pé: "Olúwa, jọ̀wọ́ sọ mí di olóòótọ́." Àdúrà tó dára ni, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ó ṣe mọ̀ lọ́la bóyá ẹ ti ṣe é. Ẹlòmíràn kọ ọ́ báyìí: "Owó kápẹ́ńtà tó ṣe ilẹ̀kùn kù, ₦15,000. Màá fi ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Owó oúnjẹ ilé lè má tó lẹ́yìn náà. Olúwa, ojú rẹ là ń wò." Ìgbọràn wà nínú ìlà méjì àkọ́kọ́, ìgbẹ́kẹ̀lé wà nínú ìkẹta, ẹ ó sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Sátidé. Bó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn. Áàpù náà kò ní béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹ ti sanwó kápẹ́ńtà. Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù nìyí, fún irú ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ fi àláàmù fóònù yín sí ọjọ́ náà.

Apá àdúrà, Prayer, ṣe gírígírí. Ẹ lè kọ ẹ̀bẹ̀ síbẹ̀, kó máa rán yín létí, kí ẹ sì sàmì sí i nígbà tí Ọlọ́run bá dáhùn. Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́. Àkọ́kọ́, ẹ wo ẹni tí ẹ jẹ́ kó rí i dáadáa kí ẹ tó fi pamọ́, pàápàá tó bá jẹ́ pé àṣírí ẹlòmíràn ni: àìsàn, ọ̀ràn ilé ọkọ, gbèsè. Ẹ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ẹni náà nìkan. Èkejì, kì í ṣe gbogbo ìdáhùn Ọlọ́run ló máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Pọ́ọ̀lù gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹ́ta nípa ẹ̀gún inú ara rẹ̀, ìdáhùn tó gbà ni pé oore-ọ̀fẹ́ Olúwa tó fún un, ẹ̀gún náà ò sì kúrò, 2 Kọ́ríńtì 12:8-9. Irú ìdáhùn báyìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ẹ sì sàmì sí i pé a ti dáhùn.

Kíka ètò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ dára fún tọkọtaya, tàbí ẹni mẹ́ta mẹ́rin tó mọra. Lẹ́yìn kíkà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àyè wà láti bára yín sọ̀rọ̀. Ẹ má kó odindi ẹgbẹ́ akọrin sínú rẹ̀, "Àmín" ni gbogbo wọn á máa kọ. Ẹnì kan kó máa béèrè lójoojúmọ́: èyí tí a kà lánàá, kí lo ti ṣe níbẹ̀?

Fún ìyá tàbí bàbá tí ojú kò ríran dáadáa mọ́, ẹ tẹ Aa kí ẹ sọ lẹ́tà di ńlá, kí ẹ fi YBCV sí i. Tí àwòrán ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá wà lókè ẹ̀dà tí ẹ yàn, á lè kà á sókè fún wọn. Àwọn tí iná mànàmáná kì í bá gbé déédéé, kí wọ́n ṣì ní Bíbélì oníwèé nílé o. Bátìrì kò mọ̀ pé àkókò àdúrà ni.

Kí ẹ tó kọ Note àkọ́kọ́, ẹ fi ímeèlì forúkọ sílẹ̀ nínú áàpù náà, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sínú ìwé kan nílé. Tí wọ́n bá jí fóònù yín tàbí tó bọ́ sómi, àwọ̀, àkọsílẹ̀ àti àdúrà yín kò ní bá fóònù náà lọ. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ á kàn ṣí i lórí fóònù tuntun, gbogbo rẹ̀ á sì wà níbẹ̀.