Pẹ́dà méjì ló ní o, àmọ́ kì í ṣe ọtomátíìkì

Nígbà tí mo ra mọ́tò tòkunbọ̀ kékeré mi, ọdún méjì rèé, pẹ́dà méjì péré ni mo rí nílẹ̀, iná àti bíréèkì, ni mo bá gbà pé ọtomátíìkì ni. Mo gbé e dé ilé ní Àgríìkì, mo ń wá P kí n fi páàkì, mo wá a tì, R (ẹ̀yìn), N (kò sí nínú jíà kankan), E (ó ń pààrọ̀ jíà fúnra ẹ̀), M (ẹ̀yin lẹ ń yan jíà) ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa dánfó ní, "Wọ́n ti jí P tìẹ lọ ni?"

Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Jíà máńúà gidi ló wà nínú ẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ohun tó ń so ẹńjìnnì mọ́ jíà tó sì ń tú u, wà níbẹ̀ bíi ti dánfó ẹ̀gbọ́n mi gẹ́lẹ́, kàn jẹ́ pé ẹ̀rọ kéékèèké tó ń lo iná bátìrì ló ń bá mi tẹ kílọ́ọ̀ṣì tó sì ń bá mi fa jíà, kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ fún wọn. Ferrari pàápàá fi irú ẹ̀ sínú mọ́tò F355 lọ́dún 1997, Opel náà ṣe tiẹ̀, wọ́n pè é ní Easytronic, ẹ má fojú yẹpẹrẹ wò ó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ páàkì, ẹ fi sílẹ̀ nínú jíà, ẹ pa á, kẹ́ ẹ fa áńbúréèkì, ó tán.

Títì Ìkòròdú ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Àárọ̀ Mọ́ńdè, láti Májídun dé Máìlì 12, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọtomátíìkì tòótọ́, ọ́ìlì ló ń gbé agbára ẹńjìnnì dé jíà, ìyẹn lè máa rọra wọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tèmi, bí mo ṣe ń tẹ iná díẹ̀díẹ̀ kó lè wọ́ ni kílọ́ọ̀ṣì ń ha ara ẹ̀ jẹ, oṣù mẹ́jọ péré, òórùn ẹ̀ gba inú mọ́tò kan!

Mẹkáníìkì pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, mọ́tò ò wọ jíà mọ́, ó ní kí n lọ ra odidi jíà. Owó wo? Rìwáyà kan ní Ògólóńtò ló kó máṣíìnì ẹ̀ wá, ó ní kílọ́ọ̀ṣì tuntun ni, ẹ ò sì tíì fi ibi tó ti ń gbá mú han kọ̀ǹpútà ẹ̀. Kò tó ọgbọ̀n mínítì tó fi ṣe é, mọ́tò gbéra. Ẹ jọ̀ọ́, ká tó náwó lórí jíà ká kọ́kọ́ bèèrè ìyẹn.

Ní báyìí, bí gósílò bá ti le mo máa ń gbé e sí N, màá jẹ́ kí iwájú là dáadáa kí n tó sún, kí dánfó ó yà wọlé bó bá wù ú. Tó bá fẹ́ pààrọ̀ jíà, mo máa ń gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀ bí ẹni tó ń wa máńúà, mọ́tò kì í ta gìrì mọ́. Epo tó ń mu ò pọ̀, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ tí bátìrì bá kú nígbà tó wà nínú jíà, kò ní í jáde sí N, ẹ ò lè tì í, mo ti sùn sí Sábó rí nítorí ẹ̀.

Ìyàwó mi ò wà á. Mọ́tò náà máa ń yọ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀ lórí gegele ẹnu géètì wa, ó ní òun ò lè máa bá mọ́tò jà láàárọ̀ kùtù.