Wọ́n fi ìwọ̀n ìyá gé aṣọ fún ọmọ: láàbù tí a ti wọn họ́mónù ọmọ mi ní Ìlésà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni fóònù mi dún, mò ń lọ aṣọ oníbàárà kan lọ́wọ́. Ọmọbìnrin tó máa ń gba ìwé lẹ́nu ọ̀nà láàbù ni. Ó ní, “Mọ́mì, èsì ọmọ yín ti jáde o. Họ́mónù ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jọjọ, pupa ni gbogbo ẹ̀. Ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i, kó má lọ di ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí lọ́jọ́ iwájú.” Ọmọ ọdún méje ló ń sọ bẹ́ẹ̀ sí. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, áyọ́ọ̀nù ti jó àyà búláòsì náà lu.

Mi ò ní dárúkọ láàbù yìí. Ìlésà ò tóbi tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá mọ láàbù á mọ ìyá, ẹni tó bá mọ ìyá á mọ ọmọ, ọmọ náà ò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ti aládàáni ni. Àwọn ìyá tó bá nílò rẹ̀ fún ọmọ tiwọn lè béèrè lọ́wọ́ mi ní kọ̀rọ̀.

Télọ̀ ni mí, tẹ́pù ló sì kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Mò ń wọn ọmọ mi fún aṣọ ọdún Ìwúdé, mo rí i pé àyà rẹ̀ fi ínǹṣì kan ju ohun tí mo kọ sínú ìwé ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ìbàdí ò yí padà, ejìká ò yí padà. Bí tẹ́pù ṣe kàn án ló fà sẹ́yìn, ó ní, “Mọ́mì, ó ń dùn mí.” Kókó líle kan wà lábẹ́ ọmú òsì, kò ju hóró àgbàdo lọ. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé adìẹ àgíríìkì ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń jẹ. Mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n mi ò fi í sílẹ̀.

Dókítà ọmọdé tí a lọ bá fara balẹ̀ gan-an. Ó bi mí bóyá ọmọ máa ń fi ìpara mi para, bóyá ó ń lo oògùn kankan, ìgbà wo ni èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù. Ó ní ọmọbìnrin tí ọmú rẹ̀ bá yọ kó tó pé ọdún 8, tàbí ọmọkùnrin tí ara rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà kó tó pé ọdún 9, wíwádìí ló yẹ. Ó kọ LH àti FSH, họ́mónù méjì tó ń ta bàlágà jí, àti estradiol, họ́mónù obìnrin, ó fi ti tàírọ́ọ̀dù, kókó inú ọrùn, kún un, ó sì ní kí a ya X-ray ọwọ́ òsì kí òun lè mọ ọjọ́ orí egungun rẹ̀. Ó tẹnu mọ́ ọn pé àárọ̀ kùtù ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà. Nígbà tí bàlágà bá ń bẹ̀rẹ̀, ojú oorun ni pituitary, kókó kékeré abẹ́ ọpọlọ tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ti máa ń kọ́kọ́ tú LH jáde. Bí ọjọ́ bá ti gòkè, ó lè ti lọ sílẹ̀.

Aago méje ààbọ̀ Mọ́ńdè, a ti dé ibẹ̀. Ibẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ wà, omi ń yọ ní ilé ìyàgbẹ́ wọn. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà gba ìwé, ó kà á, ó wò mí, ó wo ọmọ. Àwọn tó jókòó tó mẹ́wàá. Ó gbé ohùn sókè: “Họ́mónù obìnrin fún ọmọ ọdún méje? Mọ́mì, kí ni ọmọ yìí ti ń ṣe?”

Bàbá kan tó mú ìgò ìtọ̀ dání yíjú sí wa. Ìyá àgbà kan ní “Háà!” Ọmọ mi ki orí bọ abẹ́ ìborùn mi. Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀.” Ó ní kò sí ohun tí òun sọ tó burú, ìbéèrè lásán ni. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ mi ti ń wọ súẹ́tà lọ sí ilé ìwé nínú oòrùn. Bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì bọ́ ọ.

Ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yìn ín dáadáa. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ ò ga rárá. Ó kúnlẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ti ọmọ mi dọ́gba, ó béèrè orúkọ rẹ̀, ó béèrè orúkọ tíṣà rẹ̀. Kó tó mú abẹ́rẹ́, ó bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé ó ń lo fítámì kankan, pàápàá ti irun àti èékánná?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, irun rẹ̀ ń já, ìdajì tèmi ni mò ń fún un lójoojúmọ́. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní biotin ló wà nínú rẹ̀, pé irú ẹ̀rọ tí àwọn ń lò, biotin máa ń ṣì í lọ́nà: á mú kí LH àti FSH kéré ju bí wọ́n ṣe rí, á sì mú kí estradiol pọ̀ ju bó ṣe rí. Kí n dá a dúró, kí n mú ọmọ padà wá ní Ọjọ́bọ̀.

Ó dùn mí nítorí owó ọkọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù tí mo tì. Ṣùgbọ́n mo ti sanwó ná, ó lè gba ẹ̀jẹ̀ náà kó dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀? Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gún un. Ó ní kí ọmọ ka gbogbo ìlú tó mọ̀ láti Ìlésà dé Ifẹ̀ fún òun. Kó tó dé Òṣú, abẹ́rẹ́ ti jáde. Ọmọ mi béèrè pé ṣé ó ti tán ni.

Wákàtí 48 ni wọ́n pè é, ọjọ́ mẹ́jọ ló gbà. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì sí mi.

Lẹ́yìn ìpè ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sórí Wasáàpù. Òótọ́ ni, pupa ni, ọfà tó kọjú sísàlẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta. Dókítà ò ní jókòó títí di Mọ́ńdè. Mo wo ọmọ mi lójú oorun, mo ń rò ó pé kí ni mo fún un jẹ, kí ni mo ṣe nígbà tí mo wà nínú oyún rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi nọ́ńbà ẹnì kan tó ń ta oògùn tó ń gbé họ́mónù sókè ránṣẹ́ sí mi. Aago mọ́kànlá òru ni mo pè é. Ká ní ó gbé e ni, ọmọ mi ì bá ti máa mu ohun tí mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, fún àìsàn tí kò ṣe é.

Ọmọ Òṣómàáló ni mí. Àwọn baba wa a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Láàárọ̀ Sátidé mo mú ọmọ mi dání, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàbù, mo ní mi ò dìde àfi kí n rí ọ̀gá wọn. Ọmọbìnrin náà ní ọ̀gá kì í wá ní Sátidé. Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n fi nọ́ńbà sílẹ̀. Mo ní wọ́n ti ní i, òun ni wọ́n fi pè mí lánàá. Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, bàbá kan wọlé pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́rùn, ibi ìnáwó ni wọ́n ti pè é.

Orí bẹ́ǹṣì tí mo wà ni òun náà jókòó sí. Ó ka ìwé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún ìwé kà. Ó ní, “Ìyá wa, nọ́ńbà wọ̀nyí dára. Ohun tí a fi wọ́n wé ni kò dára.”

LH ọmọ mi ò tó 0.1 IU/L. Ìwé wá fi 2 sí 12 síwájú rẹ̀, ìyẹn ti obìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù. Ọmọ tí kò tíì bàlágà, LH rẹ̀ kì í sábà kọjá 0.3, nítorí náà kíkéré gan-an ni ohun tí dókítà ń wá. Wọn ò tẹ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Pé obìnrin ni nìkan ni wọ́n tẹ̀, kọ̀ǹpútà sì mú ìwọ̀n àgbà jáde. Ọmọbìnrin yẹn rí ọjọ́ orí ọmọ mi láti fi dójú tì í níwájú èèyàn mẹ́wàá, kò rí i láti tẹ̀ ẹ́. Níbi iṣẹ́ tèmi, èyí ni kí a fi ìwọ̀n ìyá gé aṣọ fún ọmọ, kí a wá sọ pé ọmọ náà ti rù.

Bàbá ò gbèjà ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Ẹjọ́ wa ni, ẹ má bínú.” Ó fúnra rẹ̀ lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó tún èsì tẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ọmọdé, ó buwọ́ lù ú. Ó tún sọ ohun kan tí mi ò rò pé onílàáàbù á sọ nípa ọjà ara rẹ̀: pé kí n má gbọ́kàn lé estradiol yẹn jù. Irú ẹ̀rọ tí àwọn ní, ti àgbà ló mọ̀ wọ̀n dáadáa. Bí estradiol bá ti kéré bí ti ọmọdé, ó máa ń ṣì í, ẹ̀rọ mass spectrometry ló dára jù fún un, àwọn ò sì ní in. Nígbà tí ọmọ mi bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kò lé e. Ó ní obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Rosalyn Yalow, wà lára àwọn tó wá ọ̀nà rẹ̀ rí, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1977. “Obìnrin ni?” Ọmọ mi tún un béèrè nígbà mẹ́ta kí a tó délé.

Inú mi ti rọ̀ tán. Bàbá wá pe ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà pé kó wá bẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀ fún mi, ó bẹ̀ mí dáadáa. Ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú súẹ́tà rẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún un.

Ní Mọ́ńdè, dókítà ní èsì náà tẹ́ òun lọ́rùn. Egungun ọwọ́ rẹ̀ bá ọdún méje mu. Ọmú nìkan ló yọ, bàlágà ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ká ní LH náà fi wá sínú iyèméjì ni, abẹ́rẹ́ GnRH, họ́mónù tó ń mú kí pituitary tú LH jáde, ni wọn ì bá gún un, kí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ léraléra láti wò ó bóyá á fò kọjá 5. A máa wọn gíga rẹ̀, a máa ṣọ́ ọ.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún láàbù náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta dókítà máa fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ míì, ibẹ̀ náà ni a ó padà sí, ọ̀dọ́kùnrin yẹn náà ni mo fẹ́ kó gbà á. Mo ti kọ ọjọ́ ìbí ọmọ mi gàdàgbà sókè ìwé tuntun náà.